Ọjọ́ Tí Wọ́n Fòpin Sí Ìdánwò Ọba

Luo elépo ló kọ́kọ́ sọ fún mi, ní ọdún kọkànlélọ́gbọ̀n tí ọba Guangxu gorí oyè ní ilẹ̀ Ṣáínà wa. Mo ń gé wàrà sóyà lọ́wọ́ nígbà tó já wọ ìsọ̀ mi.

"Ìyá Pang, wọ́n ti fòpin sí ìdánwò ọba! Wọ́n lẹ ìwé rẹ̀ mọ́ ẹnubodè."

"Irọ́ lò ń pa."

"Lọ kà á."

"Ìgbà wo ni mo kàwé?"

Ọ̀bẹ bọ́ lọ́wọ́ mi. Ìwọ̀n fàdákà mẹ́jọ ni mo yá Qiu Àgbà, akàwé àdúgbò wa, kó fi rìnrìn-àjò lọ ṣe ìdánwò tí wọ́n fi ń yan ìjòyè yẹn; ó ní òun á san án tóun bá yege. Owó tí mo fẹ́ fi gbé egungun ọkọ mi tó kú sí ilẹ̀ òkèèrè wálé ni. Qiu ti pé ọgọ́ta ọdún ó lé ọ̀kan. Ẹ̀ẹ̀mọ́kànlá ló ti ṣe é, ẹ̀ẹ̀mọ́kànlá ló ti fìdí rẹmi.

Mo lọ bá a pẹ̀lú ìbínú. Ó wọ agbádá búlúù tó ti ṣá, ó tẹrí ba fún mi.

"Ìyá Pang, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ́ mi bí ẹ ṣe ń fi ìlẹ̀kẹ̀ ìṣirò yín ṣírò owó. Ilé ìwé tuntun ń wá olùkọ́ ìṣirò."

"Ẹ̀yin tí ẹ mọ gbogbo ìwé Olùkọ́ Kong, ọlọ́gbọ́n ayé àtijọ́, lórí? Lọ́wọ́ èmi oníwàrà?"

"Olùkọ́ Kong ní kí ojú má tì wá láti béèrè lọ́wọ́ ẹni tó wà nísàlẹ̀ wa."

"Èmi ni mo wà nísàlẹ̀! Ẹ ṣé o."

Ó kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọlọ mi, ó ń pè mí ní olùkọ́. Mo ní orí rẹ̀ le ju ọlọ lọ. Ó rẹ́rìn-ín, ó tún un ṣe. Láàárín oṣù méjì, ó mọ̀ ọ́n, ó sì lọ béèrè iṣẹ́ náà.

Ọ̀gá ilé ìwé, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ti gé irun gígùn tí àwọn ọkùnrin wa ń dì sẹ́yìn orí, ní, "Bàbá, a kì í gba òkú síṣẹ́."

Qiu tẹrí ba fún un. Ó bẹ̀ ẹ́ kó jẹ́ kóun jókòó sẹ́yìn kíláàsì kóun máa kọ́ ẹ̀kọ́ nípa àwòrán ilẹ̀ ayé. Àwọn ọmọ ń fa irun gígùn ẹ̀yìn orí rẹ̀. Yìnyín ń bọ́, ikọ́ ń bá a jà, kò pa ọjọ́ kan jẹ. Kó tó di ìparí ọdún, ó kú.

Ẹnikẹ́ni kì í gbé gbèsè wọ ọdún tuntun níbí. Ní ọjọ́ tó gbẹ̀yìn ọdún, ìyàwó rẹ̀ gbé àpò fàdákà kékeré kan wá.

"Ó ní kí n kó o fún olùkọ́ òun."

"Níbo lẹ ti rí i?"

"Kó tó kú, ó ta pósí tó ṣe sílẹ̀ de ikú ara rẹ̀, èyí tó ti ń kùn lọ́dà láti ogún ọdún."

"Kí lẹ wá fi sin ín?"

"Ẹní."

Mo gbé fàdákà náà sórí òṣùwọ̀n. Mẹ́jọ, ó pé. Mo gbà á.