Ẹnu Ọ̀nà Inú Kíjìpá

Tàdáwà àwòrán náà kọ̀, kò gbẹ. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko nínú ọyẹ́ Ìlúpéjú, ọyẹ́ tí ń la ètè, mo fi ìka kan bébà náà, ìka mi sì dúdú. Inúmidùn ni wọ́n sọ mí, ṣùgbọ́n ẹ má retí pé kí n fi ẹ̀rín sọ ìtàn yìí. Inú ń bí mi.

Àbúrò mi Olúsọjí ló yà á. Ọdún mẹ́rin ló fi kọ́ṣẹ́ ní Ṣáínà, níbi tí wọ́n ti ń fi búrọ́ọ̀ṣì àti tàdáwà dúdú ya àwòrán sórí bébà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Nígbà tó dé, ó ní aṣọ ìbílẹ̀ wa lòun fẹ́ máa yà. Ó jókòó sí pálọ̀ níwájú òfì Màmá, ó ń ya kíjìpá tí wọ́n ń hun lọ́wọ́, ìlà kan tẹ̀lé ìlà kan. Àwòrán náà ga ju ilẹ̀kùn lọ. Mọ́tò ń bọ̀ wá gbé e lọ síbi ìpàtẹ kan l'Ékòó ní Sátidé.

Létí gbogbo aṣọ tí Màmá bá hun, wọ́n máa ń fi ojú kékeré kan sílẹ̀ láìfi òwú dí i. Kò ju èékánná lọ. Ẹnu ọ̀nà ni wọ́n ń pè é.

"Sọjí, má dí ẹnu ọ̀nà mi o," ni wọ́n fi èdè ìlú wa wí. "Ibẹ̀ ni mo ń gbà padà wá sí ulé bí mo bá ṣe uṣẹ́ tán."

Ó ní òun ti gbọ́. Lọ́sàn-án Wẹ́sidé, ó fi búrọ́ọ̀ṣì kan ibì kan létí bébà, ìró òfì sì dákẹ́. Ọwọ́ Màmá já sórí itan wọn. Ojú wọn là sílẹ̀, ṣùgbọ́n wọn kò sọ̀rọ̀, wọn kò jẹun. Dókítà yẹ̀ wọ́n wò, kò rí nǹkan kan. Pásítọ̀ gbàdúrà títí ohùn rẹ̀ fi há.

Ní Sátidé, mo ń nu ẹsẹ̀ Màmá nígbà tí mo gbọ́ ọ: gbì, gbì, ìró igi tí wọ́n fi ń gbá òwú. Ọwọ́ wọn ṣì wà lórí itan. Inú bébà ni ìró náà ti ń wá. Mo sún mọ́ ọn. Láàárín àwọn ìlà dúdú, mo rí ẹ̀yìn obìnrin kan tí kò ju ẹyọ ẹ̀wà lọ, tó wé gèlè bí Màmá ṣe máa ń wé e.

"Ṣé o dí i ni?" mo bi Sọjí.

Ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́, Àǹtí. Mo rò pé àṣìṣe ni àlàfo yẹn."

Àṣìṣe! Ọmọ tó ń yọ wá lẹ́nu lójoojúmọ́ pé olùkọ́ òun ní Ṣáínà sọ pé ibi tí a kò fi tàdáwà kàn gan-an ni àwòrán ti ń mí! Mo fa abẹ yọ.

"Àǹtí, kì í ṣe ibẹ̀!" Ó fi ọwọ́ kan di ọwọ́ mi mú, ó na ìkejì sí etí ọ̀tún. Mo rò pé àwòrán rẹ̀ ló ń dùn ún. Mo tì í ṣubú, mo sì la etí òsì bébà náà.

Afẹ́fẹ́ tútù kan fẹ́ jáde, ó ń rùn bí kànga tí a ti pa tì. Màmá mí kanlẹ̀, wọ́n ní kí n bu omi wá. A sunkún, a dúpẹ́. Mọ́tò Èkó dé, a dá a padà lófìfo.

Oṣù méjì rèé. Màmá ti hun aṣọ kan parí. Mo yẹ etí rẹ̀ wò yípo, n kò rí ojú kankan.

"Màmá, ẹnu ọ̀nà dà?"

Wọn kò gbójú sókè. "Kí la fẹ́ fi ṣe? Mo ti dé ilé."

Ilé. Màmá mi kò pe ulé ní ilé rí láyé wọn.

Mo sáré lọ síbi bébà: gbì, gbì ṣì ń dún nínú rẹ̀. Mo la etí ọ̀tún, níbi tí Sọjí fi hàn mí. Gbì, gbì náà dákẹ́. Mo dúró. Ẹnikẹ́ni kò jáde. Ibo ni Màmá yóò jáde sí? Sọjí ló dí ọ̀nà mọ́ wọn, ṣùgbọ́n ìbínú tèmi ló ṣílẹ̀kùn fún ohun tó jókòó sí àyè wọn.

Ó ń pè mí báyìí pé kí n wá jẹun.