Àlejò Tó Ní Òun Mu Ọ̀sà Tán

“Èmi ni mo mu gbogbo omi ọ̀sà Makun-Omi tán láàárọ̀ yìí, òùngbẹ sì tún ń gbẹ mí!”

Ta ló sọ bẹ́ẹ̀? Àlejò kan ni. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé Ìbíkẹ́ ní Òkè-Àgbò, lọ́jọ́ Sátidé. Òjò ń rọ̀. Omi ń kán lára rẹ̀, tó, tó, tó.

Ó dé fìlà tó tóbi ju agbòjò lọ. Ó wọ agbádá tó ń wọ́ nílẹ̀.

Ìbíkẹ́ kúnlẹ̀. “Ẹ káàbọ̀, sà. Ṣé gbogbo omi yẹn lẹ mu?”

“Gbogbo ẹ̀! Ẹsẹ̀ ni àwọn ẹja fi ń rìn níbẹ̀ báyìí. Bí mo bá purọ́, kí n máa fi ẹ̀gbẹ́ rìn!”

Ó wọlé. Ẹ̀gbẹ́ ló fi rìn wọlé. Gìrì-gìrì-gìrì!

Ìbíkẹ́ wò ó títí.

Ṣé ẹ mọ ilé Ìbíkẹ́? Kò sẹ́ni tó ń jókòó níbẹ̀ jẹ́ẹ́!

Màámi ń rán aṣọ. Kẹrẹrẹrẹrẹ! Ká ní ẹ̀rọ yẹn ní táyà ni, ì bá ti gbé Màámi dé Sókótó.

Bàámi ń rìn sókè sódò, fóònù létí. “Hẹ̀lóò! Ṣé pákó yẹn ti dé Òjòwò?” Ó rìn títí, ilẹ̀ pálọ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ lu.

Akóredé, ẹ̀gbọ́n Ìbíkẹ́, ń gbá bọ́ọ̀lù mọ́ ògiri. Gbì! Gbì! Gbì!

Ìbíkẹ́ náà ń sáré káàkiri.

“Màámi, ẹ jẹ́ ká se ìkọ́kọrẹ́.”
“Tó bá yá.”

“Bàámi, ẹ jẹ́ ká se ìkọ́kọrẹ́.”
“Tó bá yá.”

“Bọ̀dá Akóredé…”
“Tó bá yá!”

Ewùrà wà ní kọ̀rọ̀, ó tiẹ̀ ti ń hù. Gàrí ni kálukú ń dá mu, lórí ìdúró. Ohun kan ṣoṣo ni Ìbíkẹ́ sì fẹ́: kí gbogbo wọn jókòó jẹun nínú abọ́ kan.

“Ṣé ìkọ́kọrẹ́ náà ni wàhálà?” ni àlejò wí. “Simeon lorúkọ mi! Ìka kan ni mo fi ń se é fún ẹgbẹ̀rún èèyàn, màá tún máa sùn lọ́wọ́. Bí mo bá purọ́, kí n máa fi ẹ̀gbẹ́ rìn!”

Ó fi ẹ̀gbẹ́ rìn lọ sílé ìdáná. Gìrì-gìrì-gìrì!

Ó gbé ewùrà. Yọ̀ọ́! Ewùrà bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó yí gbirigbiri, ó lọ kọ lu bọ́ọ̀lù Akóredé.

Akóredé bú sẹ́rìn-ín. “Ẹ̀yin Bọ̀dá Simeon, ṣé bẹ́ẹ̀ lẹ ṣe mu ọ̀sà? Ẹ mú páànù wá, kí n bá yín rin ín.”

Ó bó ewùrà. Ó ń rin ín. Hàrà-hàrà-hàrà!

“Yéè! Ọwọ́ ń yún mi o!”

Bàámi ju fóònù sílẹ̀. Ó sáré fi epo pupa ra ọwọ́ ọmọ rẹ̀. Ó ti pẹ́ tó ti di ọwọ́ yẹn mú gbẹ̀yìn.

“Iná dà?” ni Simeon wí. “Bí mo bá fẹ́ atẹ́gùn lẹ́ẹ̀kan, gbogbo igbó Ìjẹ̀bú-Igbó á jó!”

Ó fẹ́ iná tó wà nínú ààrò. Fùùù! Ìfóòfó ló tú jáde lẹ́nu rẹ̀. Iná kú. Èéfín kún ilé.

Kẹrẹrẹ… kẹ. Ẹ̀rọ dákẹ́. Màámi yọ sí wọn. “Ta ló fẹ́ fi èéfín pa mí nílé mi? Ẹ sún jàre!”

Bàámi tún iná dá. Màámi po ata, epo àti ẹja gbígbẹ sínú ìkòkò. Ìbíkẹ́ da edé sí i. Màámi wá ń fi ọwọ́ ju ewùrà síbẹ̀ ní kékèèké. Pọ́tọ́! Pọ́tọ́! Pọ́tọ́!

Simeon gbé orógùn.

“Ẹ má rò ó o!” Màámi kígbe. “Tẹ́ ẹ bá rò ó nísinsìnyí, á di ògì. Ńṣe la máa ń jókòó dè é.”

Jókòó kẹ̀?

Bàámi ń wo fóònù. Akóredé ń wo bọ́ọ̀lù. Ẹsẹ̀ Màámi ti ń kọjú sídìí ẹ̀rọ.

Ìbíkẹ́ sáré tẹ́ ẹní. Fẹ̀ẹ̀! Ó jókòó sí i. “Bí gbogbo wa bá lọ, ta ló máa mọ̀ tó bá jinná?”

Bàámi jókòó. Màámi jókòó. Akóredé jókòó. Simeon náà jókòó.

Ìkòkò ń sọ̀rọ̀. Kútú-kútú-kútú.

“Akóredé,” ni Bàámi wí, “ìgbà wo leyín iwájú rẹ bọ́?”

“Háà, Bàámi! Òmíì tiẹ̀ ti ń hù níbẹ̀!”

Màámi rẹ́rìn-ín. Bàámi náà rẹ́rìn-ín. Ìbíkẹ́ sún mọ́ wọn, ó há sáàárín wọn bí ẹran inú mọ́ínmọ́ín.

Ìkọ́kọrẹ́ jinná. Abọ́ kan ni gbogbo wọn ti jẹ ẹ́.

Màámi lá ìka. “Ó mà dùn o! Akàn tútù kan péré ló kù, ì bá pé pátápátá.”

Simeon ta gìrì, ó fò sókè. Fìlà rẹ̀ ré bọ́, gbà!

Ojú rẹ̀ méjèèjì nà sókè gannran-gannran. Ọwọ́ rẹ̀ yọ nínú agbádá, ó le koko, ó yanu bí ẹ̀mú.

“Bọ̀dá Simeon!” Ìbíkẹ́ pariwo. “Akàn ni yín!”

“Èmi kọ́! Èmi kọ́ o! Bí mo bá purọ́, kí n máa fi ẹ̀gbẹ́…”

Gìrì-gìrì-gìrì! Ó ti fi ẹ̀gbẹ́ sá jáde.

“Ẹ padà wá!” ni Ìbíkẹ́ ń ké. “A ò ní jẹ yín!”

Fóònù Bàámi ń dún. Kò sẹ́ni tó dìde lórí ẹní.

Wọ́n wá gbọ́ ohùn kan láti inú òjò lọ́hùn-ún:

“Ẹ̀rù ò bà mí o! Mò ń lọ da omi ọ̀sà padà ni!”