Jàmálù Dùbúlẹ̀ Nílé Àna

Ìbínú ni Jàmálù fi kọ́kọ́ bá Fàtíà pàdé. Òjò ṣú bọ̀ ní ìdí ọ̀kadà l'Ọ́yẹ̀ẹ́, ọmọbìnrin náà sì fò mọ́ ọ̀kadà tí òun ti dá dúró.

"Ṣé o fọ́jú ni? O ò rí èèyàn?"

Fàtíà sọ̀ kalẹ̀ fún un. Síbẹ̀, Jàmálù ò gùn ún. Ìjà ló ń wá. Ọlọ́kadà bínú lọ. Òmíràn dé, ó fọn fèrè.

"Bùọ̀dá, ṣé gbogbo ọ̀kadà tó bá ti fọn fèrè lẹ máa ń gùn?" Fàtíà bi í.

"Kí lo ń sọ?"

"Ìbínú fọn fèrè fún yín, ẹ sì gùn ún. Ẹ ò tiẹ̀ bi í níbi tó ń lọ."

Inú tún wá bí i ju ti tẹ́lẹ̀ lọ! Àmọ́ olùkọ́ ìṣirò ni ní Ìlúpéjú, kì í rí ohun tó ta kókó kó má tú u. Ó ro ọ̀rọ̀ náà títí. Bí òun bá lè máa wo ìbínú òun, ta wá ni ìbínú? Ojú kì í rí ara rẹ̀. Ohun tí ojú bá rí, kì í ṣe ojú; ìbínú tí òun ń rí, kì í ṣe òun. Ó wá Fàtíà lọ sí ṣọ́ọ̀bù tó ti ń ránṣọ ní Ayégbajú, kó lè sọ ìdáhùn fún un. Ibẹ̀ ni ìfẹ́ ti bẹ̀rẹ̀.

"Olólùfẹ́ mi," Fàtíà á ní, "tí ìbínú bá dé, má lé e, má sì tẹ̀ lé e. Ṣáà máa wò ó. Tó bá le jù, ṣe bí wọ́n ṣe kọ́ wa nílé kéú: tó o bá wà lórí ìdúró, jókòó. Tí kò bá lọ, dùbúlẹ̀."

"Láàrin ọjà ńkọ́?"

"Dùbúlẹ̀ síbẹ̀. Màá ní owó ẹ ló bọ́ tó ò ń wá."

Bàbá Fàtíà, Àáfà Kàbírù, ni wàhálà. Òjó, bàbá Jàmálù, ti ṣá a ládàá rí lórí ààlà oko kòkó. Òjó ti kú. Àpá rẹ̀ ò kúrò lápá Àáfà.

"Ọmọ tí ẹkùn bí, ẹkùn ló máa jọ," Àáfà sọ fún ọmọ rẹ̀. "Kó wá fojú kàn mí kí ẹbí ẹ̀ tó wá. Bó bá gbóhùn sókè nínú ulé mi, ó parí nìyẹn."

Nígbà tí Jàmálù dé, ó dọ̀bálẹ̀ kí wọn, ó dìde. Ẹnikẹ́ni ò ní kó jókòó. Láyí, ẹ̀gbọ́n Fàtíà, fara ti ògiri.

"Ẹ wò ó bó ṣe dúró, bíi bàbá ẹ̀. Àdá ẹ dà? Ṣebí ẹ̀ṣẹ́ ló lé ìyá ẹ sá kúrò nílé?"

Ọwọ́ Jàmálù di ẹ̀ṣẹ́. *Gbá a létí!* Ó wo ohun tó ń sọ̀rọ̀ náà nínú rẹ̀. Ó gbóná, ó ń gbọ̀n, ohùn Òjó ló sì ní. *Mò ń rí ọ. Ìwọ kọ́ ni èmi.*

Ìbínú náà kò lọ. Jàmálù jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

"Háà, ó ti rẹ̀ ẹ́!" Láyí bú sẹ́rìn-ín.

Ìbínú náà ru sókè. Jàmálù bá na ara gbalaja sórí símẹ́ńtì.

Àáfà Kàbírù mí kanlẹ̀. "Ó tó. Dìde, ọmọ mi. A ti gbẹ́bẹ̀ ẹ."

Lẹ́nu ọ̀nà yàrá, Fàtíà fọwọ́ kan ètè: kó dákẹ́, kó gbà á bẹ́ẹ̀. Ìyàwó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ sí i lọ́wọ́.

"Bàbá, mi ò bẹ̀bẹ̀ o." Ohùn rẹ̀ wà nílẹ̀. "Ìyá mi ò sá, ikú ló mú un. Inú ń bí mi débi pé mo fẹ́ fọ́ Láyí lẹ́nu. Mo dùbúlẹ̀ kí n lè máa wò ó títí á fi kọjá ni."

Láyí fò síwájú. Àáfà na ọwọ́ dá a dúró.

"Ṣé ó ti kọjá?"

"Rárá, bàbá. Ó ṣì ń pariwo. Mò ń gbọ́ ọ, mi ò kàn dá a lóhùn ni."

Àáfà Kàbírù fọwọ́ pa àpá apá rẹ̀.

"Látọjọ́ tí bàbá ẹ ti ṣá mi, mi ò kírun kan kí n má bá a jà lórí ẹní. Ó ti kú, mò ń bá a jà. Mo ti ń rò pé ìbínú náà ni èmi fúnra mi."

Ó rọra sọ̀ kalẹ̀ lórí àga, orúnkún rẹ̀ ń ró. Ó jókòó sílẹ̀. Ó tún dùbúlẹ̀.

"Bàbá!" Láyí kígbe.

"Pa ẹnu ẹ mọ́. Jàmálù, sún díẹ̀. Lẹ́yìn ìrun alásárì, wàá sọ ọjọ́ táwọn ẹbí ẹ máa wá tọrọ ọmọ. Ní báyìí, inú ṣì ń bí mi."