Àmín tí Ìníolúwa Ṣe

Oorun ń kun Ìníolúwa níbi tó jókòó sí nínú yàrá ilé iṣẹ́ rédíò. Ọjọ́ Ẹtì ni, aago méje àárọ̀ ò tíì lù. Láàárín ọjọ́ mẹ́fà, ó ti kọrin níbi márùn-ún: Ṣágámù, Ìlaròó, àti ibòmíràn tí òun alára ò rántí mọ́. Ìka ọwọ́ òsì rẹ̀ ti bó nítorí okùn gìtá. Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún ni, ó sì wà ní kíláàsì tó kẹ́yìn nílé ẹ̀kọ́ girama, ṣùgbọ́n ọ̀sẹ̀ mẹ́ta rèé tí olùkọ́ kankan ò ti fojú kàn án.

Orin kọ́ńtìrì ló ń kọ, orin pẹ̀lẹ́ tí àwọn òyìnbó olóko fi ń ro ẹjọ́ ayé wọn sórí gìtá. Inú ọkọ̀ sìmẹ́ǹtì tí Túbọ̀sún, bàbá rẹ̀, ń wà ló ti kọ́ ọ. Láti kékeré, bí ilé-ìwé bá ti gba ìsinmi, bàbá á gbé e jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara rẹ̀ láti Ewékorò títí dé Ìlọrin, kásẹ́ẹ̀tì kan náà á sì máa kọ lọ kọ bọ̀. Ká má purọ́, ta ni ì bá rò pé irú orin bẹ́ẹ̀ á tà lédè Yorùbá? Àfi ìgbà tí ọkọ̀ bàbá rẹ̀ dojú dé lọ́nà Ewékorò, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ sì kán. Ẹ̀rù ba ọmọ náà débi pé ó kó gbogbo ẹ̀rù rẹ̀ sínú orin. Nínú orin yẹn, ọmọ kan dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń retí bàbá rẹ̀ tó jẹ́ awakọ̀, bàbá náà ò sì dé mọ́. Orin yìí ló sọ Ìníolúwa di ìlúmọ̀ọ́ká.

Jedidiah, tó ń ṣètò òde fún un, ti kì í nílọ̀ nínú ọkọ̀. "Tí wọ́n bá bi ọ́ bóyá òótọ́ ni, má bá wọn jiyàn. Ẹkún tí àwọn èèyàn ń sun ló ń gbé ọ káàkiri."

"Mi ò lè purọ́, bọ̀ọ̀dá."

"Ta ló ní kí o purọ́? Dákẹ́ ni mo ní kí o dákẹ́."

Mobọ́lájí, sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ orí rédíò, jẹ́ kí orin náà dún títí tó fi tán. Omi ti lé rò-rò sí ojú rẹ̀. "Ìníolúwa, ọmọ mi, o kú ara fẹ́ra kù," ló wí. "Ọlọ́run á tẹ́ bàbá yín sí afẹ́fẹ́ rere. Kò ní fi irú ẹ̀ dán yín wò mọ́."

Ìníolúwa gbọ́ ọ dáadáa. Ó mọ ohun tó yẹ kóun sọ: pé bàbá òun wà nílé ní Igbein, tó ń mu ògì lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n àlàyé náà á gùn, ó sì ti rẹ̀ ẹ́, Jedidiah sì ń wò ó láti ẹ̀yìn gíláàsì.

"Àmín," ló sọ.

Ọ̀rọ̀ kan péré. Ṣùgbọ́n ẹyin lohùn. Bó bá bọ́, kì í ṣe é kó. Nílẹ̀ wa níbí, ẹni tó bá ṣe àmín sí irú àdúrà yẹn ti gbà pé òkú wà nílé òun. Nígbà tí ọmọ bíbí inú ẹni ti ṣe é, ta ló tún ń wá ẹlẹ́rìí kiri?

Ní ọjọ́ Ajé, Túbọ̀sún padà sẹ́nu iṣẹ́ lẹ́yìn oṣù mẹ́jọ tó ti ń tọ́jú ẹsẹ̀. Ó fá irùngbọ̀n, ó mú ọ̀pá rẹ̀, ó lọ sí gáráàjì àwọn ọlọ́kọ̀ sìmẹ́ǹtì ní Láfẹ́nwá, níbi tó ti ń wakọ̀ láti ọdún méjìlélógún. Pátákó kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ń kọ orúkọ awakọ̀ sí. Bí orúkọ bá ṣe tò ni wọ́n ṣe ń gbẹrù. Bí awakọ̀ bá ń ṣàìsàn, wọ́n á fi àyè rẹ̀ sílẹ̀ dè é. Ẹni tó bá kú nìkan ni wọ́n ń pa orúkọ rẹ̀ rẹ́.

Ọ̀sán ò tíì pọ́n tó fi padà. Ìníolúwa ń sùn lórí àga gígùn nígbà tó gbọ́ ìró ọ̀pá bàbá rẹ̀. Adébímpé, ìyá Ìníolúwa, ló pàdé ọkọ rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà.

"Bàbá Ìní, kí ló dé tí ẹ tètè dé?"

"Wọ́n ní mo ti kú."

"Háà! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ bẹ́ẹ̀!"

"Èmi kọ́ ni mo sọ ọ́. Ọmọ ọkọ̀ kan rí mi, ó figbe ta pé àkúdàáyà dé, ó sì fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ. Wọ́n ti pa orúkọ mi rẹ́. Ọ̀gá tó ni ọkọ̀ ti gbé e fún ẹlòmíràn láti ọjọ́ Sátidé." Ó rọra jókòó. "Mo bi wọ́n pé ta ló gbé ìròyìn náà wá. Wọ́n ní ọmọ mi ni, lórí rédíò."

Kò pariwo. Ì bá sàn fún Ìníolúwa ká ní ó pariwo. Ó kàn na ẹsẹ̀ tó ń ro ó, ó sì dijú. Ìtìjú bo ọmọ náà débi pé kò lè sunkún. Ó kúnlẹ̀.

"Bàbá mi, ẹ má bínú. Ó ti rẹ̀ mí lọ́jọ́ náà ni."

"Ó rẹ èmi náà," ni bàbá rẹ̀ dá a lóhùn.

Nígbà tí Jedidiah gbọ́ pé Ìníolúwa fẹ́ padà sórí rédíò láti sọ òótọ́, ó fọwọ́ lérí. "Ṣé orí ẹ pé? A ní òde ńlá l'Ékòó lọ́jọ́ Sátidé! Àwọn tó ń bá ọ sunkún lónìí ló máa bú ọ lọ́la. Lọ bẹ àwọn awakọ̀ níkọ̀kọ̀, kó parí síbẹ̀."

Ìníolúwa rò ó. Ó wù ú. Ṣùgbọ́n awakọ̀ tó ti gbọ́ ikú bàbá rẹ̀ láti Ewékorò dé Ìlọrin kọjá ohun tí ẹnìkan lè máa wá kiri lọ́kọ̀ọ̀kan. Ibi tí irọ́ gbà jáde ni òtítọ́ gbọ́dọ̀ gbà. Ó lọ bẹ Mobọ́lájí; inú bí obìnrin náà gidi, ṣùgbọ́n ó fún un láyè.

"Bàbá mi ò kú," ló sọ. "Túbọ̀sún awakọ̀ wà láàyè ní Igbein. Orin lásán ni orin mi. Èmi ni mo ṣe àmín sí ohun tí kò ṣẹlẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá orúkọ rẹ̀ padà."

Kó tó délé, èébú ti kún fóònù rẹ̀. Àwọn tó pè é sí òde Èkó ní kó má wulẹ̀ wá mọ́. Jedidiah ò gbé ìpè rẹ̀ mọ́. Àwọn awakọ̀ kọ orúkọ Túbọ̀sún padà lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìsàlẹ̀ pátápátá ni wọ́n kọ ọ́ sí, ọ̀gá tó ni ọkọ̀ ò sì gba ọkọ̀ lọ́wọ́ ẹni tó ti gbé e fún. Ẹni tó ti lo ọdún méjìlélógún wá di ẹni tó ń jókòó sí gáráàjì, tó ń retí awakọ̀ tó máa fẹ́ sinmi kóun lè bá a wakọ̀ ọjọ́ kan. Ìníolúwa náà padà sílé-ìwé, ó ń dàkọ iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ mẹ́ta láti inú ìwé àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, ìdánwò àṣekágbá sì ti kù sí dẹ̀dẹ̀.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí wọ́n jáde nílé-ìwé, ó gbé oúnjẹ lọ fún bàbá rẹ̀ ní Láfẹ́nwá. Ó bá a lábẹ́ igi, òun nìkan.

"Bàbá mi, ṣé kí n jáwọ́ nínú orin?"

"Ta ló ní kí o jáwọ́?" Túbọ̀sún gbójú sókè. "Orin yẹn dáa. Tí ẹ bá ti jáde nílé, mo máa ń gbọ́ ọ, mo sì máa ń sunkún. Ṣùgbọ́n orin ni, Ìníolúwa. Nínú orin, o lè pa mí nígbà ẹgbẹ̀rún. Lẹ́nu ara rẹ, jẹ́ kí n wà láàyè."

Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ ọ́ lákínyẹmí ara. Ó wá yé e pé òkìkí tí a bá fi irọ́ kọ́, orí ẹni tó sún mọ́ wa jù lọ ló máa ń wó lé, àti pé kò sí bó ṣe lè rẹ èèyàn tó, kò yẹ kó jẹ́ kí ẹlòmíràn fi ẹnu òun sọ ohun tí kì í ṣe òótọ́. Ó ṣí abọ́ oúnjẹ, ó bu omi kí bàbá rẹ̀ fọwọ́, ó sì jókòó tì í títí tó fi jẹun tán.