Ìṣẹ́jú Kan ní Aago Mẹ́fà Òwúrọ̀

Obìnrin náà nà gbalaja sílẹ̀ nínú yàrá òkè ilé ìkàwé, etí rẹ̀ lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn ẹ̀rọ omi tútù, ojú rẹ̀ dì pa, bàtà rẹ̀ kan sì ti bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ohun tí ọkùnrin tó ṣí ilẹ̀kùn kọ́kọ́ rí nìyẹn. Ó ju àpò irinṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ gbàgà, ó sì sáré tọ̀ ọ́ lọ.

"Ẹ jọ̀ọ́, kí ló ṣẹlẹ̀ sí yín? Ẹ̀yin ará, ẹ gbà mí o!"

Obìnrin náà la ojú kan ṣoṣo. Ó fi ìka lé ètè. "Ẹ rọra. Ó ń kọrin."

"Ta ló ń kọrin?"

"Ẹ̀rọ yìí."

Ìgbà náà ni ọkùnrin náà tó rí ẹ̀rọ kékeré tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, èyí tí wọ́n fi ń gba ohùn sílẹ̀, tí iná pupa ń tàn lórí rẹ̀. Iṣẹ́ àtúnṣe fíríìjì ni ọkùnrin náà ń ṣe. Gbogbo ènìyàn ló ń pè é ní Ọ̀gá Fíríìjì, títí dé orí ìyá tó bí i. Ó ti gbọ́ oríṣiríṣi ẹ̀sùn nípa irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó sọ fún un rí pé ó ń kọrin. Òun fúnra rẹ̀ ti mọ̀ tipẹ́. Ẹni tó máa sọ ọ́ fún ni kò rí.

"Èmi ni wọ́n ní kí n wá tún un ṣe," ó ní, ojú sì ń tì í nítorí ariwo tó pa.

"Ẹ fún mi ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí ẹ tó pa á lẹ́nu mọ́."

Ó jókòó sórí àpò irinṣẹ́ rẹ̀. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá di ogún, kò sì bínú. Ká má purọ́ fún ara wa, kì í ṣe ẹ̀rọ ló ń wò.

Láràárọ̀ ọjọ́ Sátidé ni obìnrin náà máa ń kọ́ àwọn ènìyàn nínú yàrá yẹn bí wọ́n ṣe ń fi kọ̀ǹpútà ṣe irú orin kan tí kò ní ìlù, tí kò ní ọ̀rọ̀, tí kì í kánjú, tó kàn máa ń tàn kálẹ̀ nínú ilé bí òórùn ọṣẹ. Olùkọ́ ni wọ́n ń pè é. Ọ̀gá Fíríìjì ti fi orúkọ sílẹ̀ kó tó sọ̀kalẹ̀ ní àtẹ̀gùn lọ́jọ́ náà.

Nǹkan ò kọ́kọ́ rọrùn fún un. Ìka rẹ̀ tó lè tú ẹ̀yìn fíríìjì palẹ̀ láìwò ó di igi gbígbẹ nígbà tó kan kọ̀ǹpútà. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ó gba ikọ́ ara rẹ̀ sílẹ̀ láìmọ̀, ó tẹ ibi kan tí kò yẹ kó tẹ̀, ikọ́ náà sì gùn di ìṣẹ́jú mẹ́rin. Ó ń dún wùùù jákèjádò yàrá bí ọkọ̀ ojú omi tó fẹ́ gbéra. Nọ́ọ̀sì kan tó ti fẹ̀yìn tì, tó jókòó nítòsí rẹ̀, rẹ́rìn-ín títí ó fi yọ awò ojú rẹ̀.

"Ọ̀gá Fíríìjì, kí lẹ tẹ̀?" Olùkọ́ bi í.

"Mi ò mọ̀ o. Ẹ jẹ́ kí n pa á rẹ́ kíá."

"Ẹ ò gbọdọ̀ pa á rẹ́. Ó dáa gan-an ni."

Ṣùgbọ́n etí ọkùnrin náà, ẹ̀bùn ni. Bí Olùkọ́ bá to ohùn mẹ́ta léra wọn, òun nìkan ló máa ń mọ èyí tó ń wọ́ ẹsẹ̀ nísàlẹ̀. Olùkọ́ bi í lọ́jọ́ kan pé ta ló kọ́ ọ.

"Fíríìjì ni," ó ní. "Tí ẹ ò bá gbọ́ ohun tó ń sọ, ẹ máa tú ibi tí kò bàjẹ́."

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í sin ín lọ sí ibùdókọ̀ lẹ́yìn ẹ̀kọ́. Ibùdókọ̀ kejì ni, nítorí ti àkọ́kọ́ ti sún mọ́ ilé ìkàwé jù. Ní ọ̀sẹ̀ karùn-ún, Olùkọ́ dúró lójú ọ̀nà, ó ní, "Ṣé kì í rẹ̀ ọ́ ni, gbogbo ìrìn yìí?" Kò pè é ní ẹ̀yin mọ́. Àwọn méjèèjì gbọ́ ọ. Lọ́jọ́ náà, ọkùnrin náà ń rẹ́rìn-ín nílé títí ìyá rẹ̀ fi bi í bóyá eyín ló ń dùn ún.

Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà ni kò lè pa á mọ́ra mọ́. "Olùkọ́, mo nífẹ̀ẹ́ rẹ."

"Mo ti gbọ́."

"Nígbà wo? Mi ò tíì sọ ọ́ rí."

"Nínú iṣẹ́ tí o fi ránṣẹ́ lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ta ló ń fún ohùn ilẹ̀kùn kan ṣoṣo ní ìṣẹ́jú mọ́kànlá?"

"Ilẹ̀kùn kíláàsì ni," ó ní. "Nígbà tí o bá ń wọlé."

Olùkọ́ wo ilẹ̀, ó wo ọ̀nà, ó sì di ọwọ́ rẹ̀ mú. Ọkọ̀ méjì kọjá, wọn ò wọ ìkankan.

Ohun kan ṣoṣo ló wà tí Olùkọ́ kò sọ fún un tán. Ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pé ọdún kan tó ti ń gba ìṣẹ́jú kan péré sílẹ̀ láràárọ̀, ní aago mẹ́fà géérégé, nínú ilé bàbá rẹ̀ tó ń gbé. Ohùn kan náà ni lójoojúmọ́. Bí ọdún bá pé, yóò to gbogbo ìṣẹ́jú náà léra wọn di orin kan, gbọ̀ngàn àwòrán tó tóbi jù nílùú yóò sì pe èrò wá gbọ́ ọ. Irú àǹfààní bẹ́ẹ̀ kò yà sí i lọ́nà rí.

"Ohùn kí ni?" Ọ̀gá Fíríìjì bi í.

"Má bèèrè. Mo fẹ́ kó bá ọ lójijì."

Ó kan wí pé kó wá rí bàbá rẹ̀. Ọgbọ̀n ọdún ni bàbá náà fi darí ẹgbẹ́ akọrin, kí ohùn rẹ̀ tó há, tó sì kó ìwé orin rẹ̀ sínú àpótí. Láti ìgbà náà, kò sẹ́ni tó tún gbọ́ orin lẹ́nu rẹ̀. Ó jókòó sórí àga rẹ̀, ó wo àlejò náà látòkè délẹ̀.

"Ìwọ náà wà lára àwọn olórin tí kò nílù?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Mo ń kọ́ ọ lọ́wọ́ ni."

"Orin tí kò níbẹ̀rẹ̀, tí kò lópin! Tí mo bá fẹ́ gbọ́ irú ẹ̀, mo ní fíríìjì nílé."

Bí ẹni pé wọ́n pè é, fíríìjì bẹ̀rẹ̀ sí í kùn ní ilé ìdáná. Bàbá fa ojú ro. "Ṣé o gbọ́ ọ? Ọdún mẹ́ta rèé tí kò jẹ́ kí n sùn. Ọmọ yìí ní òun máa pe oníṣẹ́, kò pe ẹnì kankan."

Olùkọ́ kò sí nílé, ó ti lọ ra búrẹ́dì ní ìkángun àdúgbò. Ká ní ó wà níbẹ̀ ni, ìtàn yìí ì bá kúrú.

"Mi ò kórìíra rẹ o," bàbá ń bọ́rọ̀ lọ. "Àmọ́ ọmọ mi sọ fún mi nípa ikọ́ oníṣẹ́jú mẹ́rin. Mi ò rí ohun tó fẹ́ fi irú ọkùnrin bẹ́ẹ̀ ṣe."

Ọ̀rọ̀ náà dun Ọ̀gá Fíríìjì wọra, ṣùgbọ́n ó ti rí ọ̀nà. Lọ́jọ́bọ̀, nígbà tí Olùkọ́ wà níbi iṣẹ́, ó padà wá pẹ̀lú irinṣẹ́. Rọ́bà tó gbé mọ́tò fíríìjì náà dúró ti jẹ, fáànù kékeré ẹ̀yìn rẹ̀ sì ti wọ́. Ó pààrọ̀ méjèèjì. Fíríìjì dákẹ́ jẹ́ẹ́ bí ọmọ tó yó.

Bàbá rìn sún mọ́ ọn pẹ̀lú ìfura. "Ṣé kò kú?"

"Ó wà láàyè, sà. Ẹ fọwọ́ kan inú rẹ̀."

Bàbá fọwọ́ kàn án. Ó tutù minimini. Ó fi ọwọ́ méjèèjì di ọwọ́ ọkùnrin náà mú. "Àna mi! Èyí gan-an ni mò ń wí! Ilẹ̀kùn yìí ṣí sílẹ̀ fún ọ láti òní lọ."

Ní ìrọ̀lẹ́ ni fóònù dún. Ọ̀gá Fíríìjì gbé e tayọ̀tayọ̀.

"Kí lo ṣe sí fíríìjì bàbá mi?"

"Mo tún un ṣe! Kò tún ní kùn mọ́ láéláé."

Ohùn Olùkọ́ rẹlẹ̀. "Ó ku ọjọ́ mẹ́rìnlá. Ọjọ́ mẹ́rìnlá péré kí ọdún pé."

Ọkùnrin náà jókòó sórí ilẹ̀kùn fíríìjì kan tó dùbúlẹ̀ nínú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. "Òun ni ohùn náà?"

"Òun ni. Ẹlòmíì lè ṣe é, mi ò ní bínú. Ìwọ ni mo rò pé wàá gbọ́ ọ."

"O ò sọ fún mi."

"Mo rò pé ìwọ nìkan ni mi ò ní láti sọ ọ́ fún. Jọ̀ọ́, má wá sí kíláàsì lọ́jọ́ Sátidé."

Ohun tó dùn ún jù ni pé òótọ́ ló sọ. Ó ti gbọ́ ọ. Nígbà tó kúnlẹ̀ sẹ́yìn fíríìjì náà, ó gbọ́ pé ohùn náà dùn, ó sì pa á nítorí pé ó ń wá ojúrere bàbá. Kò lè dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi. Ẹ̀rù wá ń bà á gidi pé òun ti pàdánù obìnrin náà.

Nígbà tó kù díẹ̀ kí aago mẹ́fà lù ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, ó kan ilẹ̀kùn ilé bàbá, rọ́bà àti fáànù àtijọ́ wà nínú ọ̀rá lọ́wọ́ rẹ̀. Bàbá ṣílẹ̀kùn tòun ti ife tíì.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, mo wá ba fíríìjì yín jẹ́ ni."

"O ní kí lo wá ṣe?" Bàbá sáré lọ na apá dínà ilé ìdáná. "Ìwọ tí mo pè ní àna lánàá! Kò ṣeé ṣe. Àná ni mo tó sùn bí ọmọ ènìyàn!"

Ọkùnrin náà rọra ṣàlàyé gbogbo rẹ̀. Díẹ̀díẹ̀ ni apá bàbá ń wálẹ̀.

"Fíríìjì mi ló ń gbà sílẹ̀ láràárọ̀? Mo máa ń rí i tó dúró síbẹ̀ tó dijú. Mo rò pé àdúrà ló ń gbà."

Ẹ̀rọ kékeré náà wà lórí fíríìjì níbi tí Olùkọ́ jù ú sí. Ó ti ní òun ò fọwọ́ kàn án mọ́, ó sì ti ilẹ̀kùn yàrá rẹ̀ mọ́rí. Aago mẹ́fà ku ìṣẹ́jú kan.

"Bàbá, tí aago mẹ́fà bá kọjá, ọjọ́ kan ti bọ́ nìyẹn. Ẹ jẹ́ ká gba ti òní, ì báà jẹ́ ìdákẹ́jẹ́ẹ́ lásán. Ẹ tẹ bọ́tìnnì pupa yẹn."

Bàbá tẹ̀ ẹ́, ó sì dúró ṣánṣán bí ẹni tí wọ́n fẹ́ ya àwòrán rẹ̀. Kò jẹ́ kó tú fíríìjì náà, ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà lọ, òun fúnra rẹ̀ ló ń tẹ bọ́tìnnì náà láràárọ̀, á sì pe ṣọ́ọ̀bù lórí fóònù bí ẹni tó ń sọ àṣírí ìjọba: "Mo ti tẹ̀ ẹ́ o."

Ọ̀gá Fíríìjì náà kò jókòó lásán. Ó ń gbìyànjú láti fi kọ̀ǹpútà ṣe ohùn fíríìjì náà látìbẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n ìyá rẹ̀ bi í pé ta ló ń lọ ata ní ẹ̀yìnkùlé. Ó pa á rẹ́. Sátidé méjì kọjá tí kò rí Olùkọ́, oúnjẹ kò sì dùn lẹ́nu rẹ̀.

Nígbà tí ọjọ́ mẹ́rìnlá pé, bàbá wá sí ṣọ́ọ̀bù pẹ̀lú ẹ̀rọ náà nínú áńkáṣíìfù. Wọ́n kó ohùn náà sínú kọ̀ǹpútà, wọ́n sì ń gbọ́ ọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọjọ́ méjì àkọ́kọ́, èémí bàbá nìkan ló wà níbẹ̀, tó ń mí bí ọmọ ológun. Ní ọjọ́ kẹta, omi ń dà, ife ń kan ife. Bàbá ti gbàgbé pé ẹ̀rọ ń ṣiṣẹ́. Lẹ́yìn náà, ẹnìkan bẹ̀rẹ̀ sí í fi imú kọrin, jẹ́jẹ́, ohùn náà há díẹ̀, kò sì ṣìnà rárá.

"Ta nìyẹn?" bàbá béèrè.

"Ẹ̀yin ni, sà."

"Irọ́ ni. Èmi ò kọrin mọ́."

"Ẹ tún un gbọ́."

Bàbá tún un gbọ́. Ó fi áńkáṣíìfù nu ojú, ó ní eruku pọ̀ jù nínú ṣọ́ọ̀bù náà.

"Bàbá, aago mélòó lẹ máa ń fọ ife yín?"

"Aago mẹ́fà. Láti ìgbà tí mo ti fẹ̀yìn tì." Àwọn méjèèjì wo ara wọn.

Ní ọjọ́ kejì, tí í ṣe Sátidé, wọ́n jọ lọ sí ilé ìkàwé. Ẹ̀kọ́ ti parí, Olùkọ́ ń ká wáyà. Nígbà tó rí ẹni tó tẹ̀lé bàbá rẹ̀, ojú rẹ̀ yí padà.

"Jókòó," bàbá ní. "Gbọ́ èyí ná, kó o tó bínú."

Ó jókòó, ó gbọ́ ìṣẹ́jú mẹ́rìnlá náà tán. Ó ṣí àwọn ohùn ti tẹ́lẹ̀, èyí tó ti gbà sílẹ̀ láti oṣù àkọ́kọ́, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í gé ìkùn fíríìjì kúrò nínú wọn díẹ̀díẹ̀, bí ẹni ń bó àlùbọ́sà. Nísàlẹ̀ pátápátá, ní ọ̀nà jíjìn réré, ohùn kan ń fi imú kọrin. Ó ṣí ti ọ̀sẹ̀ kejì. Ó wà níbẹ̀. Ó ṣí ti oṣù karùn-ún.

"Bàbá," ó ní, omijé ti bọ́, ẹ̀rín náà ti dé, "ẹ wà níbẹ̀ láti ọjọ́ kìíní. Mò ń gbọ́ fíríìjì, mi ò gbọ́ yín."

Bàbá na ọwọ́, ó gbá a lórí jẹ́jẹ́. Ó pẹ́ kí Olùkọ́ tó yíjú sí ẹnì kejì tó dúró sẹ́nu ọ̀nà bí ẹni tí wọ́n dá dúró ní iléèwé.

"Ṣé o ti dárí jì mí?" ọkùnrin náà béèrè.

"Mi ò tíì mọ̀. Fa àga wá. Ọ̀sẹ̀ kan ló kù, iṣẹ́ sì pọ̀."

Wọ́n fi ọ̀sẹ̀ náà ṣe é, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Bàbá tó kórìíra orin tí kò nílù kì í kúrò lẹ́yìn àga wọn. "Ẹ gbé ohùn mi sókè díẹ̀," á ní. Tó bá tún ṣe díẹ̀: "Ẹ gbé e sókè sí i." Ní ọjọ́ kẹrin, Olùkọ́ sùn lọ níjokòó, orí rẹ̀ sì já sí èjìká Ọ̀gá Fíríìjì. Ọkùnrin náà kò mira fún odindi wákàtí kan.

Ní ọ̀sán ọjọ́ Àìkú, gbọ̀ngàn àwòrán kún. Fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, ìkùn fíríìjì gba ibẹ̀ kan, ó tóbi, ó móoru, àwọn ènìyàn dijú. Lẹ́yìn náà, ó já lójijì. Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ náà pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn kan fi jókòó gan-gan. Nígbà náà ni ohùn àgbàlagbà kan wọlé, tó ń fọ ife, tó ń fi imú kọrin fún ara rẹ̀. Nígbà tó parí, wọ́n dìde dúró, wọ́n ń pàtẹ́wọ́, bàbá sì ń tẹríba fún wọn bí ẹni pé kò fi iṣẹ́ sílẹ̀ rí.

Àwọn méjì yọ́ jáde sórí àtẹ̀gùn ìta. Oòrùn ń rọ̀.

"Mo ti fọwọ́ kan nǹkan rẹ láìbèèrè rí," ọkùnrin náà ní. "Lónìí, mo fẹ́ bèèrè."

"Bèèrè."

"Ṣé o máa fẹ́ mi, olólùfẹ́ mi?"

Olùkọ́ gbé ìka kan sókè.

"Mo ní òfin kan."

"Sọ ọ́. Ì báà jẹ́ mẹ́wàá."

"O ò gbọdọ̀ tún nǹkan kan ṣe nínú ilé wa, àyàfi tí èmi bá kọ́kọ́ gbọ́ ọ."

"Mo gbà," ó ní wéré. "Ẹ̀rọ omi, ilẹ̀kùn, fáànù, mi ò ní fọwọ́ kan ìkankan." Ó ń kà wọ́n lọ lórí ìka. Ó dé orí ìka kẹrin kó tó dákẹ́. "Ilé ta lo pè é?"

Olùkọ́ bú sẹ́rìn-ín. "Etí rẹ yìí náà ni wọ́n ń yìn," ó ní. Ó fa ọwọ́ rẹ̀, wọ́n sì jọ wọlé padà lọ sọ fún bàbá.