Àgbàdo Tí Àyànbádéjọ So Sókè Ààrò

Láti ọjọ́ tí Àyànbádéjọ ti kú, Àgbékẹ́ ìyàwó rẹ̀ kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀ mọ́. Ta ni kó bá sọ? Bó bá jí ní abúlé wọn lọ́nà Kuta, àga ọkọ rẹ̀ ló ń kí, á sì bọ́ sóko.

Òjò àkọ́rọ̀ ti rọ̀. Àgbékẹ́ já àgbàdo tí ọkọ rẹ̀ so sókè ààrò kó tó kú, ó ń yín in sínú igbá. Ìgbà náà ni Kafilat gun ọ̀kadà dé láti Ìwó. Òṣìṣẹ́ tó ń la àgbẹ̀ lọ́yẹ̀ ni. Ó kúnlẹ̀.

"Ẹ kú ilé, Màmá."

"O ṣeun, ọmọ mi. Jókòó. Àmọ́ má jókòó sórí àga yẹn o."

Kafilat fa àpótí. "Ṣé èso àgbàdo alápòpọ̀ tí Bàbá rà gbìn lọ́dún tó kọjá nìyí?"

"Òun ni. Ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi so ó. Òun ni mo fẹ́ gbìn."

"Ẹ jọ̀ọ́ Màmá, ẹ má gbìn ín. Oríṣi àgbàdo méjì ni wọ́n fi ṣe é. Ìgbà àkọ́kọ́ ló máa ń so dáadáa. Bí ẹ bá tún èso rẹ̀ gbìn, òmíràn á ga, òmíràn á kúrú, èyí tẹ́ ẹ máa ká ò ní tó nǹkan."

"Ṣebí ti orí ààrò la ti ń gbìn látọjọ́ yìí."

"Àgbàdo ìbílẹ̀ nìyẹn, Màmá. Òun ṣeé tọ́jú. Eléyìí kọ́."

Àgbékẹ́ wo àgbàdo inú igbá. Kúnmi ọmọ rẹ̀ ti sọ pé bí oko ò bá ṣe dáadáa lọ́dún yìí, Èkó lòun ń mú un lọ. Ta ni yóò máa gbá ojú oórì Àyànbádéjọ? Ọ̀rọ̀ náà dùn ún wọra.

"Ṣé kí n dà á nù ni?"

"Rárá o. Oúnjẹ ni. Ẹ fi ṣe ògì."

Àgbékẹ́ ra irúgbìn tuntun lọ́jà, ó gbìn ín. Ó lọ àgbàdo ọkọ rẹ̀, ó po ògì, ó sì bu ife méjì bó ti máa ń ṣe tẹ́lẹ̀. Ó mu tirẹ̀ tán. Nígbà tó pẹ́, ó jókòó sórí àga náà, ó mu èkejì, ó sunkún.

Nígbà tí àgbàdo tuntun yọmọ, ó pe Kúnmi. "Oko ti ṣe. Mi ò bọ̀ l'Ékòó o."

Ẹ̀yin àgbẹ̀ wa, ẹ má gbin èso àgbàdo alápòpọ̀. Ẹ ra tuntun lọ́dọọdún lọ́wọ́ ẹni tẹ́ ẹ mọ̀, kẹ́ ẹ sì wo ọjọ́ tó wà lára àpò rẹ̀. Àgbàdo ìbílẹ̀ ni kẹ́ ẹ so sókè ààrò. Bẹ́ ẹ bá sì mọ opó tó ń dá roko, ẹ yà kí i kó tó gbin nǹkan.