Kí Wọ́n Tó Fọ Ẹsẹ̀ Ìyàwó

Wáyà náà dé Ìkẹ́rẹ́ nígbà tí ọkọ̀ tó gbé Àrínọlá ti lọ láti àná. Ọ̀gbẹ́ni pósọ́fíìsì gun kẹ̀kẹ́ dé ẹnu ọ̀nà, ó na ìwé pélébé náà sí bàbá rẹ̀, bàbá sì na án sí tíṣà tó ń gbé nítòsí kí ó bá òun kà á. Tíṣà kà á. Ó tún un kà.

"Ajíbádé kú. Ẹ má rán ìyàwó wá."

Ìyá Àrínọlá káwọ́ lérí, ó sáré bọ́ sí títì bí ẹni tí yóò fi ẹsẹ̀ lé ọkọ̀ bá. Ṣùgbọ́n ibo ni ẹsẹ̀ ti fẹ́ bá ọkọ̀? Ọmọ tí wọ́n sunkún ìyàwó sìn jáde ti wà lójú ọ̀nà ilẹ̀ Gánà, ó ń lọ bá ọkọ tó ti wọlẹ̀.

Àrínọlá kò mọ nǹkan kan. Ohun tó ń bà á lẹ́rù nínú ọkọ̀ náà kì í ṣe ikú, ọkọ gan-an ni. Ẹ̀ẹ̀kan péré ló rí Ajíbádé rí, nígbà tó wá sílé ṣọdún Kérésì, tó gun kẹ̀kẹ́ kọjá níwájú ṣọ́ọ̀bù tí òun ti ń kọ́ṣẹ́ aránṣọ. Lẹ́yìn náà ni àwọn òbí sọ̀rọ̀, tí wọ́n ṣe ìdána, tí wọ́n ní kí ó lọ bá a ní Akra, níbi tó ti ń ṣe káfíńtà. Kí ó tó wọ ọkọ̀, ìyá rẹ̀ fà á sí ẹ̀yìnkùlé.

"Àrínọlá, gbọ́ mi. Títí wọn óò fi da omi sí ọ lẹ́sẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ilé ọkọ rẹ, ọmọ mi ni ọ́. Bí omi yẹn bá ti kan ẹsẹ̀ rẹ, tí o sì wọlé, tiwọn lo dà. Nítorí náà, wo ojú ẹni tó gbé omi dání dáadáa kí o tó na ẹsẹ̀."

Ọ̀rọ̀ yìí ló ń yí nínú rẹ̀ títí ọkọ̀ fi dé gáréèjì Túdù ní Akra, ní òwúrọ̀ kùtùkùtù. Eruku ọ̀nà ti sọ irun rẹ̀ di pupa. Èdè tí kò gbọ́ ń dún yí i ká. Ó jókòó lórí àpótí rẹ̀, ó di àpò mọ́ àyà, ó ń wá ojú Ajíbádé láàárín èrò.

Nígbà náà ló rí ọkùnrin kan tó fara ti ògiri. Ọkùnrin náà ga, ó dúdú bí kóró iṣin, ojú rẹ̀ mọ́lẹ̀ bí ojú ẹni tó ń gbọ́ orin láti ọ̀nà jíjìn. Ọwọ́ ló fi mú fìlà rẹ̀, kò dé e. Ó ń wo Àrínọlá bí ènìyàn ṣe ń wo ọmọdé tó ń ṣeré lẹ́bàá kànga. Nígbà tí ojú wọn ṣe mẹ́rin, òun ló kọ́kọ́ gbé ojú rẹ̀ kúrò.

"Ṣé ọmọ Ìkẹ́rẹ́ ni ọ́?" ó béèrè.

"Báwo lẹ ṣe mọ̀?"

"Ta ló tún lè jókòó lórí àpótí bí ẹni tó gun orí àpáta, kó máa retí kí ayé wá kí òun?"

Ẹ̀rín fẹ́ bọ́ lẹ́nu Àrínọlá, ẹ̀rù kò jẹ́. "Ohùn tiyín náà jọ ti ará Èmùré. Àwọn tí wọ́n ń jẹ uṣu ẹlòmíràn kí wọ́n tó béèrè ẹni tó ni ín."

"Ó tì o! Èmi máa ń béèrè kí n tó jẹ ẹ́." Ó tẹrí ba díẹ̀. "Kọ́láwọlé ni mí. Ọ̀rẹ́ Ajíbádé, ṣọ́ọ̀bù kan náà la ti ń ṣiṣẹ́. Kú ewu ọ̀nà, ìyàwó."

"Òun alára dà?"

Kọ́láwọlé wo fìlà ọwọ́ rẹ̀. "Kò sí nítòsí. Bọ̀dá Fáníyì, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ló ní kí n pàdé rẹ, kí n mú ọ wá sí ulé."

Ó gbé àpótí léjìká, wọ́n rìn. Ní oríta kan, ó dúró bí ẹni tí wọ́n pè. Ó wo ọ̀nà òsì pẹ́ títí, lẹ́yìn náà ó yà sí ọ̀tún.

"Ulé kò ní sá lọ," ó sọ láìbojú wẹ̀yìn. "Ìyàwó tó bá ti wọlé kì í tètè rí òde mọ́. Jẹ́ kí n fi ìlú hàn ọ́ lónìí."

Wọ́n gbé àpótí sọ́dọ̀ Ìyá Sàúdátù, arúgbó ọmọ Ìkẹ́rẹ́ kan tó ń ta obì nítòsí mọ́ṣáláṣí. Ìyá náà gbá Àrínọlá mọ́ra, ó wò ó lójú, omi sì lé ròrò sí ojú tirẹ̀.

"Kí ló dé, ìyá?"

"Èéfín ni, ọmọ mi."

Àrínọlá wo ibi ààrò. Kò sí iná níbẹ̀.

Ọjà Makola fẹ̀ ju ohun tí ojú lè kó lọ. Aṣọ lórí aṣọ, ìlẹ̀kẹ̀ lórí ìlẹ̀kẹ̀, àwọn obìnrin tí wọ́n sanra dáadáa tí wọ́n ń fi ọwọ́ pè é. Àrínọlá aránṣọ gbàgbé ara rẹ̀ nídìí aṣọ pupa kan, ó fi àtàǹpàkò wo òwú rẹ̀, Kọ́láwọlé sì dúró tì í, ó ń fi ara dí èrò fún un kí wọ́n má baà tì í. Nígbà tí ebi dé, ó ra kẹnkẹ́ àti ẹja díndín.

"Ẹ̀kọ wo ló le tó báyìí?" ni Àrínọlá wí. "Bí wọ́n bá sọ ọ́ lu ènìyàn, ẹjọ́ ni."

Kọ́láwọlé bú sẹ́rìn-ín. Àfi bíi pé ẹnì kan gbá a létí, ẹ̀rín náà sì kú sí i lẹ́nu. Àrínọlá rí i. Ó tún rí ọwọ́ rẹ̀: vánísì dúdú wà lábẹ́ èékánná, àtẹ́lẹwọ́ sì ti bó.

"Iṣẹ́ wo ló bó yín lọ́wọ́ tó báyìí?"

"Àpótí kan ni mo yára kàn."

"Ta ló ni ín?"

"Ọ̀rẹ́ mi kan." Ó sún ẹja tó kù sọ́dọ̀ rẹ̀. "Jẹun."

Ó jẹun, ṣùgbọ́n ẹja náà kò dùn mọ́. Ó fẹ́ fi àwàdà lé ìfura rẹ̀ lọ. "Ìyàwó kì í pe ọ̀rẹ́ ọkọ lórúkọ. Afinimọ̀nà ni n óò máa pè yín. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá mú mi sọnù, n óò gba orúkọ mi padà."

Kọ́láwọlé kò tíì fèsì tí ọkùnrin kan fi fi kẹ̀kẹ́ la èrò kọjá, tó kígbe ní èdè Èkìtì pé, "Kọ́lá! Ibo lo wà láti àárọ̀? Inú ń bí Bọ̀dá Fáníyì o! Omi ti wà nílẹ̀, wọ́n ń dúró de ẹsẹ̀ ìyàwó!"

Kọ́láwọlé gbá ọwọ́ Àrínọlá mú. Ó fà á wọ àárín àwọn ìsọ̀, wọ́n gba ọ̀nà tóóró kan jáde, wọ́n bọ́ sínú bọ́ọ̀sì. Gbogbo ìtàn gbọ́mọgbọ́mọ tí Àrínọlá ti gbọ́ láti kékeré dìde lẹ́ẹ̀kan náà. Ta ló mọ ọkùnrin yìí? Ta ló jẹ́rìí pé ọ̀rẹ́ Ajíbádé ni? Síbẹ̀, nínú bọ́ọ̀sì náà, ara rẹ̀ ló tún fi dí èrò fún un, ìyẹn ni kò sì jẹ́ kí ó lọgun.

Ibi tí bọ́ọ̀sì já wọn sí, ilé iná gíga kan tó ń tọ́ ọkọ̀ òkun sọ́nà dúró sójú òkun. Nílé, ibi yòówù kí ènìyàn kọjú sí, àpáta yóò gba ojú rẹ̀ dúró. Níbí, kò sí ohun tó gba ojú dúró. Omi ṣáá ni, ó ń wú, ó ń wó lulẹ̀, àwọn atukọ̀ sì ń la ìgbì kọjá lọ sọ́dọ̀ ọkọ̀ ojú omi ńlá tó dúró lókèèrè. Àrínọlá já ọwọ́ rẹ̀ gbà.

"Bọ̀dá Kọ́láwọlé, ọkọ mi dà? Bí ẹ kò bá sọ fún mi báyìí, n óò figbe ta, àwọn atukọ̀ yìí yóò sì bá mi mú yín."

Kọ́láwọlé jókòó sórí iyanrìn bí ẹni tí wọ́n já okùn rẹ̀.

"Àpótí tí mo kàn, Ajíbádé ni mo kàn án fún."

Ìgbì kan wó. Òmíràn wó. Àrínọlá kò ké. Ó fi ọwọ́ méjèèjì bojú, ó sunkún ọkùnrin tí kò mọ ohùn rẹ̀ dáadáa, tí ó ti ń bẹ̀rù rẹ̀ láti ilé láìmọ̀ pé kò sí ohun tó lè fi òun ṣe mọ́.

"Ibà ló mú un," Kọ́láwọlé ń sọ, "kò pẹ́ lórí ẹní. Èmi ni mo tẹ wáyà pé kí wọ́n má rán ọ. Fáníyì ní kí n má tẹ̀ ẹ́. Ó ní kí n mú ọ wá tààrà, kí wọ́n fọ ẹsẹ̀ rẹ, kí o wọlé, kí wọ́n tó túfọ̀ fún ọ. Bí o bá ti wọlé báyìí, opó àbúrò rẹ̀ lo dà. Òun ni yóò sì ṣú ọ lópó."

"Bọ̀dá Fáníyì tó ní ìyàwó méjì? Tí wọ́n ròyìn fún wa nílé pé ó ń gbé igbá ọrẹ ní ṣọ́ọ̀ṣì?"

"Òun náà ni."

Ìbínú gbẹ omijé lójú rẹ̀. "Láti àárọ̀ lẹ ti mọ̀! Ẹ sì ń ra ẹja fún mi!"

"A kì í fi òkú pàdé àlejò lójú ọ̀nà. Mo ní kí o jẹun ná. Lẹ́yìn tí o jẹun, mo ní kí o rí òkun ná. Ẹnu mi kò gbà á." Ó gbé ojú sókè. "N kò ní purọ́ fún ọ mọ́. Kì í ṣe ìyẹn nìkan. Láti ìgbà tí o ti fún mi lórúkọ ni mo ti ń bẹ Ọlọ́run kí oòrùn má wọ̀. Ojú sì ń tì mí, nítorí ilẹ̀ tó bo ọ̀rẹ́ mi kò tíì gbẹ."

Àrínọlá jókòó, kò jìnnà sí i, kò sì sún mọ́ ọn.

"Ọkọ̀ Èkó ń lọ láàárọ̀ ọ̀la," ni Kọ́láwọlé wí. "Sùn sọ́dọ̀ Ìyá Sàúdátù. O kò ní fojú kan Fáníyì rárá."

Ẹ̀rù ní kí ó gbà bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n Àrínọlá ro ìyá rẹ̀ lọ́jà Ìkẹ́rẹ́, ó ro ohun tí ẹnu ayé yóò sọ: ìyàwó tó bá ọ̀rẹ́ ọkọ sá lọ nígbà tí ilẹ̀ ibojì ọkọ ṣì tutù. Ó gbọn iyanrìn kúrò láṣọ.

"Ẹ mú mi lọ sílé Bọ̀dá Fáníyì," ó wí.

Ìyàwó àgbà Fáníyì, Monísọ́lá, ló gbé omi dání lẹ́nu ọ̀nà. Kò wo Àrínọlá lójú. Fáníyì alára na apá méjèèjì, ohùn rẹ̀ kún ilé.

"Ìyàwó wa, káàbọ̀! Ìwọ Kọ́lá, n óò bá ọ sọ̀rọ̀ tó bá yá. Na ẹsẹ̀, ọmọ dáadáa. Ọkọ rẹ rìnrìn-àjò, yóò dé láìpẹ́."

Àrínọlá kúnlẹ̀ síta, ó jìnnà sí ìloro. "Bọ̀dá, ẹ kú ará fẹ́ra kù."

Omi inú igbá bẹ̀rẹ̀ sí í mì.

"Ta ló sọ fún un?" Fáníyì bú ramúramù. "Monísọ́lá, da omi sí i lẹ́sẹ̀! Ẹbí wa ló ṣe ìdána rẹ̀! Dà á!"

Monísọ́lá kò mira. Fáníyì já igbá gbà, ó fi omi sọ̀kò. Àrínọlá fò dìde sẹ́yìn, omi náà balẹ̀ sórí erùpẹ̀, kò kàn án. Nígbà tí Fáníyì na igbá òfìfo padà sí ìyàwó rẹ̀ pé kí ó bu òmíràn, Monísọ́lá ká ọwọ́ sẹ́yìn.

"Baálé mi, ó tó. Ọmọ ẹni ni. Èmi kò ní bu ú."

Ìtìjú bo Fáníyì lójú, ó wá ẹni tí yóò dà á lé. Ó na ìka sí Kọ́láwọlé. "Mo mọ̀! Ọmọ Èmùré yìí ló ti tàn ọ́ kiri ìlú! Ṣé òun lo fẹ́ ni? Sọ ọ́ lójú wa, kí a gbọ́!"

Ó rò pé ọ̀rọ̀ náà yóò pa á lẹ́nu mọ́. Kọ́láwọlé pàápàá wolẹ̀. Àrínọlá gbé ojú sókè, ṣùgbọ́n kì í ṣe Fáníyì ló kọjú sí.

"Bọ̀dá Kọ́láwọlé," ó wí, "ẹ̀yin ni mo fẹ́. Lọ́la n óò padà sí Ìkẹ́rẹ́, n óò bá ìyá Ajíbádé jókòó títí ọ̀fọ̀ rẹ̀ yóò fi tán, nítorí ó tọ́ sí i. Lẹ́yìn náà, kí ẹ kó ẹbí yín wá láti Èmùré, kí ẹ tọrọ mi lọ́wọ́ bàbá mi. N kò ní fẹ́ ẹlòmíràn."